Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ẹgbẹ́ Wa lórí Kilt àti Ohun Tó Wà Lábẹ́ Rẹ̀

Sí Alága, Akọ̀wé, Ìyá Ẹgbẹ́ àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní ìlú wa yìí ní Scotland.

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́.

Lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ èyí, mo sì ń kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé gbangba ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ní láti ìsinsìnyí lọ, ọkùnrin tó bá máa wọ kilt, aṣọ oníṣẹ́po àwọn ọkùnrin Scotland tó ti ìbàdí dé orúnkún, wá sí òde ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ “tó bójú mu” sábẹ́ rẹ̀, àti pé àwọn méjì nínú àwọn tó ń mójú tó ẹnu ọ̀nà yóò máa bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó mẹ́nu ba ọwọ́ tó gbé aṣọ aláṣọ sókè níbi àsè òmìnira wa.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá àwọn ènìyàn ní kilt. Èmi ni mò ń wọn ìbàdí oníbàárà, èmi ni mò ń kúnlẹ̀ wò ó bóyá etí aṣọ náà bá orúnkún rẹ̀ dọ́gba, èmi náà ni mò ń gbà á padà lọ́jọ́ Ajé tí òde bá parí. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ.

1. Lẹ́tà yín pe ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi àsè òmìnira wa ní “èdèàìyédè kékeré”. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i, nítorí pé ibi tí mo jókòó sí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ síbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Scotland, ni ẹ fi owó bẹ̀ pé kó wá fi fèrè alápò tí wọ́n ń pè ní bagpipe ṣíwájú àwọn àlejò pàtàkì wọ gbọ̀ngàn. Bí ó ti ń fọn fèrè bọ̀, tí àwọn àlejò ń tẹ̀ lé e, ni olóòtú ètò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu tó ní, “Bàbá, kí lẹ wọ̀ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì yìí?” Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́. Ìyá kan dìde, ó yí abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ po, ó fi igi abẹ̀bẹ̀ náà kọ́ etí kilt bàbá náà láti ẹ̀yìn, ó sì gbé e sókè títí tí gbogbo àwọn tó jókòó lápá ọ̀tún fi rí ṣòkòtò péńpé dúdú tí ó wọ̀ sábẹ́. Ìyá kejì ti na fóònù sílẹ̀ de àwòrán kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kíyè sí ni ọwọ́ bàbá náà. Ẹni tó bá ń fọn bagpipe, abẹ́ apá rẹ̀ ni àpò náà wà tó ń fún un, ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ihò fèrè, ẹnu rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú àpò. Kò ní ọwọ́ tó lè fi fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, kò sì ní ẹnu tó lè fi sọ pé ó tó. Mo rí i tí ọrùn rẹ̀ pọ́n. Ó fọn orin náà dé òpin, ó ṣí fìlà, ó nu iwájú orí rẹ̀, ó kó fèrè sínú àpótí, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde. Kò fẹnu kan omi. Bí ìyẹn bá jẹ́ èdèàìyédè, ta ni kò gbọ́ èdè ta?

2. Bàbá náà wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, nítorí pé òun ló fọ́ òfin tuntun yín yángá. Ká ní òfin náà ti wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá náà ni ìbá kọ́kọ́ yege lọ́dọ̀ àwọn olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọn ìbá sì ṣílẹ̀kùn fún un tẹ̀ríntẹ̀rín, igi abẹ̀bẹ̀ náà ìbá sì tún kọ́ ọ láṣọ. Òfin tí kò lè dáàbò bo ẹni tó pa á mọ́, kí ni ẹ ń fi ṣe?

3. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ sì ti fi ohun tó wà lábẹ́ kilt ṣòfin, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣòfin lé lórí. Kò sí òfin ìlú kankan ní Scotland tó ní kí ọkùnrin má wọ nǹkan kan sábẹ́ kilt, kò sì sí èyí tó ní kó wọ̀ ọ́. Àṣà ló wà níbẹ̀, àṣà náà kò sì rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Àwọn baba ńlá àwọn ará òkè Scotland, ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ń ṣẹ́ po, tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì dì mọ́ ìbàdí, tí wọ́n sì ń gbé ìyókù rẹ̀ kọ́ èjìká. Féileadh mòr ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Ẹ̀wù gígùn ni wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé àwọn ará àtijọ́ kò wọ nǹkan kan sábẹ́ ti gbàgbé ẹ̀wù. Kilt kékeré tí a mọ̀ lónìí, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí tó parí sí orúnkún, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún ló yọjú. Nígbà tí Ọba George Kẹrin wá sí Edinburgh ní ọdún 1822, tí Walter Scott, òǹkọ̀wé ọmọ Scotland, ṣètò àbẹ̀wò náà, kilt ni ọba wọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ra, aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́, sábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn fi ọba ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fi igi kọ́ ọ láṣọ.

Àwọn ọmọ ogun ni wọ́n fi àìwọ-nǹkan-sábẹ́ ṣe ìgbéraga. Ní ọdún 1997, nígbà tí Britain ń dá Hong Kong padà fún Ṣáínà, atẹ́gùn gbé kilt ọmọ ogun kan láti Black Watch, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Scotland, sókè níbi ayẹyẹ náà, gbogbo ayé sì rí ìdí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ló ṣe é, atẹ́gùn kò sì ní ọmọ ẹgbẹ́ tí a lè pè lẹ́jọ́. Àwọn tó ń jó ijó ìdíje òkè Scotland ní tiwọn máa ń wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀, nítorí pé ìfò ló pọ̀ jù nínú ijó wọn. Àwọn tó ń ju òkúta àti òpó igi níbi eré Highland Games náà ń wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́. Ní ọdún 2010, olùdarí Scottish Tartans Authority nígbà náà, àjọ tó ń rí sí ọ̀ràn tartan, aṣọ onílà tí wọ́n fi ń ṣe kilt, sọ̀rọ̀ síta pé ìwà ọmọdé ni kí ènìyàn má wọ nǹkan kan sábẹ́ kilt, pé kò sì dára fún ìmọ́tótó. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ni aṣọ gan-an kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwa tí a wá bá wọn gbé ni a fẹ́ fi òǹtẹ̀ lù ú lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, a kì í béèrè. Kilt tó pé máa ń gbà tó nǹkan bí yáàdì mẹ́jọ aṣọ onírun àgùntàn, ẹ̀yìn ni gbogbo pílíìtì rẹ̀ wà, iwájú tẹ́jú, ó wúwo, ó sì máa ń yún ènìyàn níbi tó bá ti fara kan awọ. Èyí tí a ń yáni, ara ẹni yìí ló ti ń bọ́ sí ara ẹni yẹn. Bí mo bá ti wọn oníbàárà tán, mo máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé bí a ṣe ń di bẹ́líìtì pé, “Èyí tí a yá, àwọ̀tẹ́lẹ̀ là ń wọ̀ sí i. Èyí tó bá jẹ́ tiyín fúnra yín, ẹ mọ bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é.” Téèpù ọwọ́ mi ni mò ń wò bí mo ti ń sọ ọ́, n kì í wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó: ọwọ́ kan ni yóò fi tẹ́ pílíìtì ẹ̀yìn sílẹ̀ kí ìdí tó kan àga, yóò pa orúnkún méjèèjì dé, àpò awọ iwájú tí wọ́n ń pè ní sporran yóò sì bọ́ sáàárín itan, ìwúwo rẹ̀ ni yóò di aṣọ náà mú. Ẹni tó bá mọ ìjókòó yìí, ìbáà wọ nǹkan sábẹ́, ìbáà má wọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ran àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa lọ́wọ́, ẹ pè mí, n ó wá kọ́ wọn ní ìjókòó lọ́fẹ̀ẹ́.

4. Ní ti ìbéèrè, ọ̀nà méjì ló wà, wọn kò sì jọra rárá. Ẹni tó fẹ́ wọ kilt fún ìgbà àkọ́kọ́ lè fa ẹni tó ti mọ̀ ọ́n wọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó bi í pé, “Kí ni kí n wọ̀ sábẹ́?” Ara rẹ̀ ló ń béèrè fún, ìbéèrè ọmọlúàbí ni, n kò sì mọ ẹni tó máa bínú sí i. Ṣùgbọ́n “Kí lo wọ̀ sábẹ́?” jẹ́ ìbéèrè nípa ara ẹlòmíràn. Ìyàwó ẹni lè béèrè rẹ̀, dókítà lè béèrè rẹ̀. Àjèjì kò ní ẹ̀tọ́ sí i, ẹni tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì ní ẹ̀tọ́ ju àjèjì lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àwọn òyìnbó fúnra wọn ń fi í ṣàwàdà. Òótọ́ ni. Àwàdà àtayébáyé kan wà tí àwọn tó ń wọ kilt fi ń dáhùn, tó dá lórí pé ọ̀rọ̀ kan náà, “worn”, ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí a wọ̀ àti ohun tó ti gbó. Bí wọ́n bá bi wọ́n bóyá wọ́n wọ nǹkan sábẹ́, wọn á ní kò sí ohun tó gbó níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó fún yín ní èsì yẹn kò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ̀rín ló fi ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀, àyè tó kù fún un ni kó rẹ́rìn-ín kó sì kọjá. Bàbá tiwa kò tilẹ̀ rí àyè dáhùn, nítorí pé fèrè wà lẹ́nu rẹ̀.

5. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tún pe kilt ní síkẹ́ẹ̀tì nínú lẹ́tà ẹgbẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1747, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 1746, ọkùnrin tí wọ́n bá rí tó wọ̀ ọ́ ní Scotland, tí kì í ṣe ọmọ ogun ọba, oṣù mẹ́fà ni yóò fi ṣẹ̀wọ̀n. Bó bá tún wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n lè kó o lọ sí òkè òkun fún ọdún méje. Ọdún 1782 ni wọ́n tó fa òfin náà ya. Aṣọ tí àwọn kan torí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n kì í ṣe aṣọ tí à ń fi igi abẹ̀bẹ̀ tú wò. Àwa náà kúkú mọ irú rẹ̀ nílé. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń jó nínú bàǹtẹ́ wàbì, a kì í bi í ní ohun tó sán sábẹ́. Eégún ń bọ̀ nínú agọ̀, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ọwọ́ kì í kan ibẹ̀. Bí òyìnbó kan bá fi igi kọ́ ìró Ìyá Ẹgbẹ́ níbi ìgbéyàwó, tó sì ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá tòbí wà níbẹ̀ ni, ṣé àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ẹ máa ní kí wọ́n yẹ ìró wò lọ́jọ́ mìíràn?

6. Ọ̀rọ̀ òfin. Òfin Scotland ti ọdún 2009 lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàtúnṣe rẹ̀ ní 2010, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ènìyàn fi ẹ̀rọ ya àwòrán abẹ́ aṣọ ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, yálà fún ìgbádùn ara rẹ̀ tàbí láti fi dójú ti onítọ̀hún. Òfin náà kò yọ ọkùnrin sílẹ̀. Kò sì ní kí onítọ̀hún wà níhòòhò kó tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀: àwọ̀tẹ́lẹ̀ pàápàá wà nínú ohun tí ó dáàbò bò. England kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ títí di 2019. Fídíò tí ìyá kejì yà ṣì wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ọwọ́ ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ni agbára àtiyọ ọ́ kúrò wà, ọ̀kan nínú yín sì fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. N kò ní dárúkọ.

Láti ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2024, òfin tún ti sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún àwọn agbanisíṣẹ́ ní Scotland, England àti Wales láti gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìwàkiwà ìbálòpọ̀ yọ òṣìṣẹ́ wọn lẹ́nu. Àwọn tó ń yá wa ní gbọ̀ngàn ní ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi kilt gbé oúnjẹ. Bí wọ́n bá gbọ́ ìròyìn wa, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé àwọn kò yá wa mọ́. Ní ọdún 2017, ilé ọtí kan ní Inverness sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti bọ́ kilt sílẹ̀ wọ ṣòkòtò, nítorí pé àwọn oníbàárà obìnrin kò yé gbé aṣọ wọn sókè. Àánú àwọn ọmọ náà ṣe mí nígbà tí mo kà á: ẹni tí wọ́n fọwọ́ pa lára ló pààrọ̀ aṣọ, ẹni tó ni ọwọ́ sì jókòó ti ọtí rẹ̀. Ọ̀nà yẹn gan-an ni lẹ́tà yín tọ̀.

7. Èyí tó kàn mí jù ló kù. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ibí ni wọ́n bí i sí, ó fi kilt lọ síbi ijó àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ti ń múra àtiwọ̀ ọ́ pẹ̀lú fìlà àti bùbá wá síbi ayẹyẹ ọdún Kérésìmesì ẹgbẹ́. Ó ka lẹ́tà yín lórí fóònù mi. Ó ní, “Dádì, ta ló máa bi mí, àwọn bàbá ni àbí àwọn màmá? Ṣé wọ́n máa gbà á gbọ́ tí mo bá sọ fún wọn?” N kò rí èsì fún un. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: àgbàlagbà méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bi ọmọ ọlọ́mọ tí kò tí ì pé ọdún méjìdínlógún ní ohun tó wọ̀ sí ìdí. Ẹ gbé gbólóhùn yẹn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín, kí ẹ kà á sókè, kí ẹ wo ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ kí ìpàdé gbogbogbòò oṣù kejìlá tó wáyé. Ẹ fagi lé òfin ẹnu ọ̀nà náà pátápátá, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó tún un kọ. Ẹ yọ fídíò náà kúrò lónìí, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ti fi pamọ́ sórí fóònù wọn pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹ fi òfin mìíràn rọ́pò òfin ẹnu ọ̀nà náà, gbólóhùn kan péré: ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ tàbí ohunkóhun gbé aṣọ ẹlòmíràn sókè ní òde wa, yóò jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, ìbáà jẹ́ ìyá ìyàwó. Ẹ pe olóòtú ètò náà, kí ẹ sọ fún un pé ìbéèrè yẹn kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ bó bá ń ṣiṣẹ́ fún wa. Ní ti àwọn ìyá méjèèjì, n kò fẹ́ kí ẹ dójú tì wọ́n ní gbangba, nítorí pé ìyẹn náà yóò dà bí ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ pè wọ́n sí kọ̀rọ̀, kí àgbà bá àgbà sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ ìwé àforíjì sí bàbá afọnfèrè náà ní orúkọ ẹgbẹ́, ẹ san ìdajì owó rẹ̀ tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ akápò, kí Alága fúnra rẹ̀ sì lọ sí ilé rẹ̀. Mo ti pè é lórí fóònù láti tọrọ àforíjì ní tèmi, nítorí ẹ̀rín tí mo rín. Kò bá mi jà. Ó kàn béèrè bóyá a rí fìlà rẹ̀ lórí tábìlì níbi tó gbé e sí nígbà tó ń nu ojú. Mo rí i. Ó wà nínú àpótí kan ní ilé mi, mo ti gbọn eruku ara rẹ̀ dànù. Lọ́jọ́ tí Alága bá ṣe tán àtilọ, kí ó yà lọ́dọ̀ mi kó gbà á, kó mú un dání lọ.

Èmi ni tiyín nínú ẹgbẹ́,
Ọmọ ẹgbẹ́ yín tó ń wọn kilt fún àwọn ènìyàn